Ewé Kẹrin Nínú Bíbélì Àwọn Pruitt

Ní ìlú Fallow Ford, ní ìpínlẹ̀ Ohio, àwọn òkú ló ń fẹ́ ìyàwó fún àwọn alààyè. Kì í ṣe pé wọ́n ń jáde láti inú ibojì wá tọrọ ọmọ o. Wọn ò lágbára ìyẹn mọ́. Àwọn ọmọ-ọmọ wọn ló ń gbé orúkọ wọn kiri bí ẹni gbé àwo ẹyin, tí wọ́n á sì bi ọmọbìnrin tí ọmọ wọn mú wálé pé, "Ta ni àwọn èèyàn rẹ?" Bí ó bá dáhùn pé bàbá òun ń ta irin iṣẹ́ oko, wọ́n á rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n á sì tún ìbéèrè náà bi í. Àwọn èèyàn tí wọ́n ń béèrè nípa wọn ti kú láti bí ọgọ́jọ ọdún.

Kò sí ẹni tó mọ ìbéèrè yìí í bi tó Ìyáàfin Eudora Thornbury, olórí Ẹgbẹ́ Àwọn Ọmọ Àkọ́dé. Ẹni tí baba ńlá rẹ̀ kò bá tíì kọ́lé sí àgbègbè náà kí ọdún 1810 tó wọlé, kò sí àga fún un nínú ẹgbẹ́ yẹn, àfi tí ó bá fẹ́ wá gbé tíì. Nínú yàrá àlejò Eudora, Bíbélì ìdílé Thornbury wà nínú àpótí onígíláàsì, ìwé pupa ńlá kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: ìtàn àgbègbè náà, tí ọ̀gbẹ́ni kan wá tẹ̀ jáde ní 1883. Ọ̀gbẹ́ni yẹn gbọ́n. Ẹni tó bá ti ra ìwé náà sílẹ̀ ló láǹfààní láti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìtàn ìdílé ara rẹ̀ sínú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí kò fi sí ọ̀lẹ kan, ọ̀mùtí kan tàbí olè ẹṣin kan láti ìbẹ̀rẹ̀ ìwé náà dé òpin. Ibẹ̀ la ti kà pé Josiah Thornbury lẹni tó kọ́kọ́ dé etí odò, ọkùnrin olóòótọ́, ọkọ aya kan, tó gbé Honor ọmọ gbajúmọ̀ Virginia níyàwó ní 1813. Àwọn tó ti wà létí odò náà kí Josiah tó dé kò ra ìwé.

Twila Pruitt mọ ìwé pupa yìí dáadáa, nítorí òun ló máa ń tún ẹ̀yìn èyí tó wà ní ilé-ìkàwé lẹ̀ nígbàkígbà tó bá ya. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni. Òkè ilé-ìkàwé ìlú ló ti ń ṣiṣẹ́, nínú yàrá tí wọ́n kó àwọn ìwé àtijọ́ sí. Ìyá bàbá rẹ̀, Zelpha, ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin tí ojú rẹ̀ ti fọ́, ni wọ́n jọ ń gbé. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1975, nígbà tí gbogbo Amẹ́ríkà ń múra àjọ̀dún igba ọdún orílẹ̀-èdè wọn, tí ẹni tí kò mọ orúkọ bàbá bàbá rẹ̀ rí sì ń sáré wá a, ọkùnrin kan gun àtẹ̀gùn yàrá náà wá. Ó ga, ó mọ́ tónítóní, ó ń rùn bíi kànáfùrù.

"Ẹ̀yin lẹ ń tọ́jú àwọn òkú?" ni ó bi í.

"Rárá o. Ìwé ni mò ń tọ́jú. Àwọn òkú kì í yọni lẹ́nu. Àwọn ọmọ wọn ni."

"Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà rèé. Merritt Thornbury. Mọ́mì mi ló rán mi wá."

"Mo mọ̀ yín. Ẹ̀yin ni dókítà eyín. Ẹ yọ ọ̀kan fún ìyá àgbà mi lọ́dún tó kọjá, ó ṣì ń bú yín."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ jẹ́ kí n wo tiyín."

"Eyín mi ò dùn mí."

"Ta ló ní ó ń dùn yín? Ẹ ṣáà rẹ́rìn-ín."

Twila kò fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ló já a kulẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni Merritt ti ní ọ̀pọ̀ ìbéèrè nípa òkú. Gbogbo Sátidé ni wọ́n ń lọ sí itẹ́ òkú àtijọ́ lẹ́yìn ìlú. Wọ́n á ta bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sára òkúta ibojì, Twila á fi ìda dúdú ra á títí orúkọ tí òjò ti fọ̀ dànù lójú òkúta yóò fi yọ sórí bébà. Merritt ló máa ń di bébà mú. Ọwọ́ méjì ló tó iṣẹ́ yẹn, ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ọwọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi ń ṣe é, wọn kò sì yára parí. Ní ọjọ́ kan Merritt yọ nǹkan jáde lápò: dígí kékeré olójú róbótó orí igi irin, irú èyí tí dókítà fi ń wo ẹ̀yìn eyín.

"Gbà. Ẹlòmíràn ń mú òdòdó wá, èyí ni tèmi."

"Kí ni kí n fi ṣe?"

"Kí o máa fi wo ẹni tó ń tẹ̀ lé ọ lẹ́yìn."

Ọjọ́ náà ni "ẹ" di "o" láàárín wọn. Twila fi dígí náà sínú àpò rẹ̀, kò sì yọ ọ́ kúrò níbẹ̀ mọ́.

Ní oṣù Kẹsàn-án, Merritt mú un lọ jẹun ọ̀sán Sọ́ńdè ní ilé ìyá rẹ̀. Ẹran màlúù sísun wà, ọ̀dùnkún wà, sáláàdì olómi-dídì kan sì wà tí kárọ́ọ̀tì há sínú rẹ̀ bí ẹja nínú yìnyín. Eudora gé ẹran fún un pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀. Ó dùn mọ́ Twila nínú. Kò tíì mọ̀ pé ẹni tí wọ́n bá fẹ́ dá lẹ́jọ́ ni wọ́n ń kọ́kọ́ bọ́ yó nínú ilé yẹn.

"Pruitt," ni Eudora wí. "Pruitt wo?"

"Àwọn Pruitt tó ní ìsọ̀ irin iṣẹ́ oko, Mà."

"Mo mọ̀ ọ́n. Ọkọ́ tí mo fi ń gbin òdòdó, ọwọ́ bàbá rẹ ni mo ti rà á. Ọkọ́ gidi ni. Ìbéèrè mi kọ́ nìyẹn, ọmọ mi. Ta ni àwọn èèyàn rẹ?"

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́," ni Merritt wí.

"Kí ni mo ṣe? Àwọn ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ méjèèjì, ọmọ Àkọ́dé ni wọ́n. Mi ò ní kó má dára. Ó dára. Eyín rẹ̀ dára, ìwọ lo mọ ìyẹn jù mí lọ. Ṣùgbọ́n orúkọ tó bá wọ inú Bíbélì yẹn," ó na fọ́ọ̀kì sí àpótí onígíláàsì, "ó ní ibi tó ti ń bọ̀."

Ẹni tó gba ọ̀rọ̀ náà bí ẹni gba iṣẹ́ ni Antí Ottilie, àbúrò olóògbé bàbá Merritt, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì. Kò lọ́kọ rí, ṣùgbọ́n ìgbéyàwó mẹ́rìnlá ló ti ṣe alárinà rẹ̀. Méjìlá ṣì dúró. Nípa àwọn méjì tó tú ká, ó ní wọn kò tẹ̀ lé ìmọ̀ràn òun. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan ó ti lọ sí ilé Eudora nígbà mẹ́ta, ó sì ti wá sí ilé Zelpha nígbà méjì pẹ̀lú páì èso ápù.

"Eudora ò kọ̀ ọ́ o, ọmọ mi," ni ó sọ fún Twila. "Ó ní kí o mú ẹ̀rí wá ni. Ṣé ẹ ní Bíbélì ìdílé?"

Zelpha dá a lóhùn láti orí àga rẹ̀. "A ní. Ta ló fẹ́ rí i?"

"Merritt ni, Màmá," ni Twila wí. "Ọmọ Thornbury."

Ìyá àgbà gbé páì rẹ̀ sílẹ̀. "Ìyá ọkọ mi máa ń sọ pé bí Thornbury bá wọ ilé wa tó sì jáde, kí a ka ṣíbí."

"Kí ló dé tí ẹ fi ń ka ṣíbí?" Antí Ottilie bú sẹ́rìn-ín, nítorí Thornbury lòun náà.

"Èmi ò mọ̀. Wọn ò sọ ìdí fún mi. Wọ́n ní kí n ṣáà kà á."

Ní ìdílé Pruitt, wọn kì í dédé ṣí Bíbélì yẹn. Nígbà tí wọ́n bá bímọ, tí wọ́n bá gbéyàwó tàbí tí wọ́n bá sìnkú nìkan ni wọ́n ń tú ìdè rẹ̀, tí àgbà ilé yóò kọ orúkọ sínú àwọn ewé tó wà láàárín Málákì àti Mátíù. Twila ti rí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ọdún tí bàbá rẹ̀ kú, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà náà, omijé kò sì jẹ́ kó rí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n Zelpha fẹ́ràn ọmọ-ọmọ rẹ̀, ó sì gbọ́ bí ohùn ọmọ náà ti ń yí padà bí ó bá pe Merritt. Ó ní kí wọ́n gbé Bíbélì wá sí itan òun. Ó fi àtàǹpàkò ka àwọn ewé náà.

"Mẹ́rin. Mo ti kà á. Mẹ́rin ló ń jáde, mẹ́rin ni kó padà wọlé."

Merritt ṣí i lójú fèrèsé, Twila ń wò láti èjìká rẹ̀. Lójú ewé àkọ́kọ́, yíǹkì ti di àwọ̀ tíì, ó ti ṣá. Tàbí bóyá ewé kejì ni. Bó ṣe rí i nìyẹn, ó sì kọjá, nítorí ẹ̀rẹ̀kẹ́ Merritt sún mọ́ tirẹ̀.

"Ojú lásán ò lè ka èyí," ni Merritt wí. "Iná tí mo fi ń wo ẹnu aláìsàn, ó lè fi kòkòrò hàn nínú òkùnkùn. Jẹ́ kí n gbé e lọ. Ọ̀sẹ̀ méjì péré."

Ọ̀sẹ̀ méjì di oṣù kan ààbọ̀. Merritt bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ kó tó wá. Bí ó bá wá, ó ń dákẹ́. Twila á jókòó láàárín àwọn ìwé rẹ̀, yóò máa gbọ́ ẹsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ẹni tó ń wá máàpù ni. Ó rò pé Merritt ti rí nǹkan ìtìjú kan nípa àwọn Pruitt: olè, apànìyàn, ẹni tí wọ́n so kọ́. Ó tún rò pé ìyá rẹ̀ ti wá ìyàwó mìíràn fún un.

Lọ́jọ́ kejì Ọjọ́ Ìdúpẹ́ ti oṣù Kọkànlá, tí gbogbo ìdílé fi ń jẹun pọ̀, Merritt sáré gun àtẹ̀gùn náà wá, ojú rẹ̀ ń dán. Bíbélì wà lábẹ́ apá kan, ìwé tí ó fi ẹ̀rọ tẹ̀ wà ní ọwọ́ kejì.

"Àkọ́dé ni yín! Elam Pruitt, ó ra ilẹ̀ létí odò ní 1808, ìwé ilẹ̀ náà wà ní ilé ẹjọ́. Lot ni ọmọ Elam. Lot ló bí bàbá bàbá bàbá rẹ. Mọ́mì ti gbà, Twila. Lánàá, lórí oúnjẹ, Mọ́mì ní bẹ́ẹ̀ ni!"

Ó sì yọ òrùka. Twila sunkún sórí ìwé pupa àwọn gbajúmọ̀, kò bìkítà.

Antí Ottilie ti ń ka àṣeyọrí rẹ̀. "Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún! Àná gan-an, ṣé o mọ̀ pé mo bá Eudora sọ̀rọ̀ ní ilé ìdáná? Merritt ti kọ́kọ́ wọlé bá a, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Nígbà tí mo wọlé, ó ń koná nínú ààrò. Mo sọ gbólóhùn kan ṣoṣo fún un, mo ní, 'Eudora, ọmọ yìí dára.' Ó ní, 'Mo ti gbà, Ottilie.' Gbólóhùn kan ṣoṣo! Ẹnu mi nìyẹn."

Nílé, Zelpha gba Bíbélì rẹ̀ sórí itan. Àtàǹpàkò rẹ̀ rìn, ó dúró, ó padà, ó tún rìn.

"Mẹ́ta," ni ó wí.

Twila ti bi Merritt nípa àwọn ewé náà. Merritt ní mẹ́ta lòun bá níbẹ̀. Ó ní ó jọ pé ọ̀kan ti já bọ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Twila fúnra rẹ̀ rántí yíǹkì àwọ̀ tíì, ṣùgbọ́n ta ló lè búra pé ewé àkọ́kọ́ ni, kì í ṣe ìkejì? Obìnrin tó ní òrùka tuntun lọ́wọ́ kì í fẹ́ búra nípa nǹkan bẹ́ẹ̀.

"Mẹ́ta náà ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, Màmá."

"Mẹ́rin ni. Ọgọ́ta ọdún ni mo fi ń kà á."

"Màmá, ẹ ti ń gbàgbé nǹkan. Lánàá ẹ pe ológbò ní orúkọ mi."

Ìyá àgbà tún fi àtàǹpàkò ka àwọn ewé náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó di Bíbélì náà padà, ó so ìdè rẹ̀.

"Bóyá," ni ó wí. Kò mẹ́nu kàn án mọ́ títí ó fi kú.

Oṣù Karùn-ún ọdún tó tẹ̀ lé e ló kú, nígbà tí igi olódòdó tí wọ́n ń pè ní lílà ń tanná lẹ́nu ọ̀nà, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ìgbéyàwó. Merritt gbé pósí pẹ̀lú àwọn tó gbé e; ó tilẹ̀ sunkún, ẹkún rẹ̀ sì dùn ún dọ́kàn. Nínú gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ Merritt, mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé àgàbàgebè kò sí níbẹ̀. Ó máa ń gba ara rẹ̀ gbọ́ pátápátá.

Lọ́jọ́ kejì ìsìnkú, lọ́sàn-án Sọ́ńdè, Twila jókòó sídìí fèrèsé pẹ̀lú kálàmù láti kọ ikú ìyá àgbà rẹ̀. Òun ni àgbà ilé báyìí. Kò sí ẹlòmíràn. Ó ṣí Bíbélì sí ibi tí Málákì parí sí. Ègún ni ọ̀rọ̀ ìkẹyìn Málákì, lábẹ́ ègún yẹn ojú-ìwé náà ṣófo dé ìsàlẹ̀. Oòrùn bọ́ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Kò ṣófo.

Òjìji ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀, àwọ̀ tíì, ó kọ ẹ̀yìn sí òǹkàwé. Ẹni tó ń tún ìwé àtijọ́ ṣe mọ ohun tó rí: yíǹkì ayé ìgbà yẹn burú, ó máa ń jẹ ìwé, bí o bá pa ìwé dé fún ọgọ́rùn-ún ọdún, ojú ewé kan á tẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sára èkejì. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí kò bá èyíkéyìí nínú ewé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mu. Ó fi èékánná tọ́ àárín ìwé, níbi tí okùn ti ran àwọn ewé pọ̀. Nǹkan kékeré kan hù síbẹ̀, tẹ́ẹ́rẹ́, etí rẹ̀ gún régé, bí gbòǹgbò eyín tó kù lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ orí rẹ̀. Abẹ tó mú gan-an ló gé e. Ọwọ́ tí kì í gbọ̀n ló mú abẹ náà.

Twila yọ dígí róbótó jáde nínú àpò rẹ̀. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ń yí ojú padà sí i.

*Josiah Thornbury, ọmọ ọ̀dọ̀ bàbá mi Elam, àti èmi Keziah Pruitt, a so wá pọ̀ ní ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹwàá, 1809. A bí Lot ní 1811. Josiah jáde nílé ní 1812. Ó wà ní òdìkejì odò pẹ̀lú ẹlòmíràn, ó sì ń pe ara rẹ̀ ní ẹni tó kọ́kọ́ dé. Kò kọ̀ mí sílẹ̀. N kò kú. Lot yóò máa jẹ́ Pruitt.*

Ó kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Yíǹkì gbẹ lẹ́nu kálàmù rẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ wá sọ́kàn rẹ̀ kì í ṣe Josiah, kì í sì í ṣe Merritt. Àtàǹpàkò arúgbó kan ni, tó rìn, tó dúró, tó padà.

Ní ọ̀sán Mọ́ńdè ó wọ yàrá iṣẹ́ Merritt. Aláìsàn ìkẹyìn ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ. Inú Merritt dùn, ó tan iná ńlá náà.

"Jókòó sórí àga. Ó tó oṣù mẹ́fà tí mo ti wo eyín rẹ."

Ó jókòó sórí àga aláìsàn, Bíbélì wà lórí itan rẹ̀. "Ṣé kò ní dùn mí?"

"Èmi kì í ṣe nǹkan tó ń dunni, o mọ̀ bẹ́ẹ̀."

"Merritt, ewé mélòó lo bá níbẹ̀?"

"Mẹ́ta. Ṣebí mo ti sọ fún ọ."

Ó ṣí Málákì lábẹ́ iná náà. Ó gbé dígí sí i. Ó kà á sókè, láti orí dé ìdí, bí ẹni ka lẹ́tà tí wọ́n kọ sí i. Nígbà tó dé "N kò kú," Merritt ti jókòó sórí àpótí ìjókòó rẹ̀ tó ní ẹsẹ̀ táyà, àpótí náà sì yí sẹ́yìn díẹ̀ fúnra rẹ̀.

"Nítorí àwa méjèèjì ni mo fi ṣe é," ni ó wí.

"Níbo ló wà?"

"Twila, gbọ́ mi. Mo fi han Mọ́mì nítorí mo rò pé inú rẹ̀ máa dùn. Mo rò pé, wò ó, Pruitt ló ṣáájú gbogbo wa! Àwọ̀ rẹ̀ yí padà. Ó ní bí ewé yẹn bá wà, gbogbo wa di ọmọ àlè, òun á sì di ẹni ẹ̀sín lójú ẹgbẹ́. Ó ní kí n mú un wá fún òun, òun á sì gbà kí n fẹ́ ọ. Ewé kan. Ewé kan ṣoṣo, mo sì rí ọ fẹ́."

"Ìwọ lo gé e."

"Mo rọra gé e. Mi ò ba ìyókù jẹ́."

"Lórí àga yìí?"

Ojú Merritt lọ sí ìsàlẹ̀ iná.

"Mọ́mì rẹ ló jó o nínú ààrò," ni Twila wí. "Lọ́jọ́ Ìdúpẹ́."

"Bébà lásán ni! Obìnrin tó ti kú láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Kí ló fẹ́ fi ṣe? Àwa la wà láàyè."

"Ìyá àgbà mi wà láàyè nígbà náà. Mo sọ fún un pé ó ń gbàgbé nǹkan."

"Èmi ò ní kí o sọ bẹ́ẹ̀ fún un," ni Merritt wí, jẹ́jẹ́.

Twila wò ó. Òótọ́ ni: kò ní kí ó sọ bẹ́ẹ̀. Ó kàn fi irọ́ náà sílẹ̀ ní àrọ́wọ́tó, ó sì jẹ́ kí Twila fúnra rẹ̀ gbé e lọ bá arúgbó náà. Ó ti fi abẹ gé ewé, ó sì fi ẹnu Twila gé ẹ̀rí kan ṣoṣo tó kù.

"Ṣé a ṣì ń ṣe ìgbéyàwó?" Ohùn Merritt ti di ti ọmọdé.

"Ṣé Sọ́ńdè ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni màá kọ orúkọ mi sínú Bíbélì yín?"

"Òun ni."

"Màá wá."

Merritt mí kanlẹ̀, ó fẹnu kò ó ní iwájú orí. Àwọn ọkùnrin Thornbury kì í bi obìnrin ní ìbéèrè kejì, bí èkínní bá ti tẹ́ wọn lọ́rùn.

Ẹ má rò pé Twila ti mọ ohun tó máa ṣe. Gbogbo ọjọ́ títí di Sọ́ńdè náà ló fi ń bá ara rẹ̀ jà. Aṣọ funfun wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó fẹ́ràn ọkùnrin yìí. Ìfẹ́ kì í jáde nílé lọ́jọ́ tí ìgbẹ́kẹ̀lé bá jáde, ó máa ń dúró kó ẹrù. Ta ló mọ̀? Keziah ti kú, Zelpha ti kú. Bí òun bá dákẹ́, òun á ní ilé onípèpéle, òun á jókòó nínú ẹgbẹ́, àwọn ọmọ òun á jẹ́ Thornbury. Ó rò pé obìnrin ń gbé irú rẹ̀ mì lójoojúmọ́. Keziah náà ti gbé e mì. Ibẹ̀ ni èrò náà ti há a lọ́rùn. Keziah kò gbé e mì. Keziah kọ ọ́ sílẹ̀.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè náà, ogún obìnrin ọmọ Àkọ́dé kún yàrá àlejò Eudora pẹ̀lú fìlà òdòdó. Kéèkì wà, tíì wà. Àṣà ilé Thornbury ni pé, kí ọjọ́ ìgbéyàwó tó pé, ìyàwó á fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìgbéyàwó rẹ̀ sínú Bíbélì ọkọ, á kà á sókè, gbogbo ilé á ṣe àmín, wọ́n á gé kéèkì. Eudora fi kọ́kọ́rọ́ ṣí àpótí onígíláàsì. Ó tẹ́ Bíbélì sílẹ̀, ó fi ìka han àwọn àlejò àyè tó ṣófo lókè ojú-ìwé ìgbéyàwó, tó fẹ̀ tó ìka mẹ́rin, lókè orúkọ Josiah àti Honor.

"Ẹ wo ìrẹ̀lẹ̀ ọkùnrin yẹn," ni ó wí, bó ti ń wí lọ́dọọdún. "Ó fi òkè sílẹ̀ fún ògo Ọlọ́run."

Ó na kálàmù sí Twila. Twila jókòó, ó tẹrí ba, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ.

"Ìsàlẹ̀ ni, ọmọ mi," ni Eudora wí, ó ń rẹ́rìn-ín fún àwọn àlejò. "Lábẹ́ ti ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀."

"Mo mọ̀, Mà. Òkè ló ṣófo."

Ó kọ ọ́ tán. Ó dìde, ó kà á sókè gẹ́gẹ́ bí àṣà: "Josiah Thornbury àti Keziah Pruitt, ọmọ Elam tó gba Josiah síṣẹ́. A so wọ́n pọ̀ ní ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹwàá, 1809. Wọ́n bí Lot. Kò kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Kò kú."

"Àmín!" ni ìyá arúgbó kan tí etí rẹ̀ ti di kígbe láti ẹ̀yìn.

Òun nìkan ló ṣe àmín. Ṣíbí kan dún lórí àwo. Àwọn obìnrin náà, tó mọ ìṣirò ọdún òkú ju ìṣirò ọjọ́ orí ara wọn lọ, ti ń ṣírò: 1809, 1813, kò kọ̀ ọ́, kò kú. Ojú wọn sì ń lọ sára Eudora lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú àánú tó dùn mọ́ wọn lẹ́nu ju kéèkì lọ.

"Irọ́!" ni Eudora wí. "Níbo ni ẹ̀rí wà?"

"Ẹ bi ààrò yín, Mà."

"Merritt! Ya ewé yẹn!"

Merritt wá sídìí tábìlì. Ó fi ìka méjì mú etí ewé náà. Ó wo Keziah lókè. Ó wo Josiah àti Honor lábẹ́ rẹ̀, ó wo bàbá bàbá rẹ̀, ó wo bàbá rẹ̀ àti ìyá rẹ̀, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ méjèèjì. Ojú ewé kan ṣoṣo ni gbogbo wọn wà.

"Ya á," ni Twila wí. "Ó ti mọ́ ọ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo yín lẹ jọ ń lọ."

Ìka Merritt sọ etí ewé náà sílẹ̀.

"Twila," ni ó wí. "Mo fẹ́ràn rẹ."

"Mo mọ̀. Òun ni mi ò tíì rí ojútùú rẹ̀." Ó bọ́ òrùka, ó gbé e sórí àpótí onígíláàsì, ó gbé dígí róbótó tì í. "Mo ti fi wo ẹ̀yìn mi. Mo rí ẹni tó ń tẹ̀ lé mi."

Antí Ottilie lé e bá ní ẹnu ọ̀nà, fìlà rẹ̀ ti wọ́. "Ọmọ mi, mi ò mọ̀! Ọlọ́run gbọ́. Mo rò pé ẹnu mi ló ṣe é."

"Ẹnu yín dùn, Antí. Ewé kan ló dùn jù ú lọ."

Títí di òní, Bíbélì àwọn Thornbury wà nínú àpótí rẹ̀. Wọ́n ti pa á dé ni. Wọ́n ní oòrùn ń ba yíǹkì jẹ́. Wọn kò ya nǹkan kan nínú rẹ̀.

Twila rìn délé. Ó gbé Bíbélì tirẹ̀ sídìí fèrèsé, ó ki kálàmù bọ yíǹkì tuntun, ó sì kọ ohun tí kò lè kọ ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn: *Zelpha Pruitt kú ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Karùn-ún, 1976, ẹni ọdún márùndínláàádọ́rùn-ún.*

Ó dúró kí yíǹkì gbẹ. Ó fi àtàǹpàkò ka àwọn ewé náà bí afọ́jú ti ń kà á, mẹ́ta, àti gbòǹgbò kékeré náà. Lẹ́yìn náà ó fi ìlà kan kún un lábẹ́ orúkọ ìyá àgbà rẹ̀.

*Kò gbàgbé nǹkan kan. Ewé mẹ́rin ni.*